Èèkàn Mẹ́rin Létí Odò

Ahọ́n iwin náà ti wọ inú àpò Ọdẹ́dìran, ó sì ń tú ẹrù rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n náà gùn bí ìgbànú ọdẹ, ó fẹ̀ bí ewé kókò. Ó kan ẹ̀tù ìbọn, iwin náà tutọ́. Ó ní, "Ẹ̀tù gidi. Má gbé e sún mọ́ iná." Ó kan iṣu sísun. "Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò lè pani." Ó kan oǹdè ọrùn ọdẹ, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ṣe èyí fún ọ purọ́ fún ọ."

Ọdẹ́dìran dúró gbọin láàárín ẹnubodè ìlú iwin. Ìbọn wà léjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tó mọ ibi tí a ń yìnbọn sí lára iwin tó jẹ́ pé ahọ́n ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ahọ́n náà kan àpò awọ kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ó dúró. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì. Lójijì ó fà sẹ́yìn bí ẹni tí àkekèé ta, iwin náà sì di ọrùn ọwọ́ ọdẹ mú.

"Ọmọ ènìyàn, ta ló fẹ́ pa ọ́?"

"Kò sí."

"Ta ló di èyí fún ọ?"

"Ìyàwó mi. Ìyẹ̀fun ni."

Iwin náà wò ó títí. "Ẹ mà fẹ́ràn ara yín nílé yín o," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Odòjìn ni ìlú Ọdẹ́dìran. Láti ìwáṣẹ̀, iṣu ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Bí ọmọ Odòjìn bá jẹ àgbàdo yó, yóò ṣì sọ fún ọ pé òun kò tíì jẹun. Ní ọdún kan, òjò kọ̀. Iṣu kò ta. Kòkòrò jẹ ìwọ̀nba tó ta. Ìgbà náà ni àwọn àjèjì kan ń kọjá, wọ́n ru igi ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní gbágùúdá. Wọ́n ní ilẹ̀ gbígbẹ kò dí i lọ́wọ́. Oníbodè bi wọ́n pé ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n dá a lóhùn, ó ṣílẹ̀kùn. Kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n rù, báwo ni wọ́n sì ṣe ń jẹ ẹ́. Ọba rán akéde yí ìlú ká pé ebi ti lọ. Àwọn àjèjì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀gẹ́ náà ta. Àwọn obìnrin Odòjìn wú u. Wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe iṣu: wọ́n bó o, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n gún un, wọ́n kù ú. Elùbọ́ iṣu ni ìyá wọn kọ́ wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ náà korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ebi ń pa tó ń béèrè adùn?

Kí òjò mìíràn tó dé, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ìbídùn, ọmọbìnrin Ọdẹ́dìran, ló kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan ó fẹ́ dìde lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le bí ọmọ odó. Kò dùn ún. Wọn kò kàn dá a lóhùn mọ́ ni. Nígbà tí oṣù fi máa tán, ènìyàn mọ́kànlá ni wọ́n ń gbé jókòó, tí wọ́n ń gbé dìde.

Ìlú péjọ. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń béèrè: "Ta ló ṣe é?" Kò sí ẹni tó béèrè pé, "Kí ló ṣe é?" Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn, Mọgbọ́njú oníyọ̀. Àjèjì ni, ìlú òkè odò ló ti wá. Gbogbo ilé ló ń ra iyọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko. Ọdẹ́dìran ló kọ́kọ́ na ìka sí i. Òun náà ló wọ yàrá rẹ̀ pẹ̀lú àdá, tó bá ìkòkò kan ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀gẹ́ wà nínú omi rẹ̀, ó ń hó kùṣùkùṣù láìsí iná nídìí, ó sì ń rùn bí òkú eku.

"Oògùn tí o fi ń di ọmọ mi lẹ́sẹ̀ rèé!" Ó ta ìkòkò nípàá, ó fọ́.

Arúgbó náà wo àpáàdì nílẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, oúnjẹ mi lo dà nù. Ọ̀la ni ìbá pé."

Ṣé a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí a ti dá lẹ́bi? Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi àràbà ọjà. Ọba nìkan ló ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ní ẹnubodè ìlú iwin kan wà lẹ́yìn Igbó Kánjú, pé ahọ́n kan ń bẹ níbẹ̀ tó mọ ohun tó ń pani. Kí Ọdẹ́dìran lọ yá a wá, kí ó lá iyọ̀ arúgbó, kí ó lá àpáàdì ìkòkò rẹ̀. Ó fún un ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Bí kò bá dé, wọn yóò lé arúgbó sínú igbó tí ẹnikẹ́ni kì í ti bọ̀.

Ìyá Ìbídùn di ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, mú ahọ́n náà wá o. Kí àṣírí arúgbó yẹn lè tú."

Báyìí ni ọdẹ ṣe jáde nílé. Ẹran ìgbẹ́ ló ń jẹ lọ́nà, bí ó ti sábà ń jẹ nílé. Ìyẹ̀fun ìyàwó rẹ̀, ó fi pamọ́ de ọjọ́ ìyà.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó kan ìlú Kánjú tó wà nínú igbó náà, mi ò ní sọ ọ́. Ó fa ẹfọ̀n nírù, ẹfọ̀n ló bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ẹfọ̀n.

Ní Kánjú, odò kan gé ọ̀nà. Afárá okùn kan wà lórí rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò ní etí òsì dúró nídìí rẹ̀, ó ń polówó.

"Afárá tuntun! Àná la so ó! Ọdẹ, gùn ún, ìdajì ẹran tí o gbé kọ́ èjìká ni mo máa gbà."

"Ṣé ìwọ ti gùn ún rí?"

"Èmi ni mo so ó. Kí ni mo fẹ́ gùn ún fún?"

"Nílé wa," ni Ọdẹ́dìran wí, "alágbẹ̀dẹ tó bá rọ ìbọn, òun ni yóò kọ́kọ́ yìn ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ni yóò fi tì í. Bọ́ sórí afárá rẹ."

Ọkùnrin náà pariwo rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ọdẹ tó ń bẹ̀rù okùn! Ẹ̀yin ẹran ìgbẹ́, ẹ jáde o, ẹ̀rù yín ti tán!"

Àwọn ará ìlú jáde. Ọdẹ́dìran wò wọ́n. Kò sí ẹni tó pé nínú wọn. Èyí kò ní ìka, èyí kò ní eyín, ojú ẹlòmíràn ti fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta hu irùngbọ̀n nítorí oògùn ìdàgbàsókè tí ìyá rẹ̀ rà.

"Ojú rẹ ńkọ́?" ó bi ìyá kan.

"Oògùn ojú ni mo rà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta á níwájú ọjà."

"Ṣé ẹ mú un?"

"Mú un kẹ̀? Òun ṣì ń tà. Ìdílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la jó mọ́lé. Ojú wọn burú."

"Ta wá ni ó ń ṣọ́ ọjà yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Kálukú ló ń ṣọ́ ara rẹ̀! Olójú ni ó ni ojú rẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà kan Ọdẹ́dìran láyà, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó bọ́ sórí afárá. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó dé àárín, okùn já. Ó rọ̀ sórí omi, ọ̀nì ya ẹnu sábẹ́ rẹ̀. Ó fi eyín di okùn mú, ó fi ọwọ́ kan gùn ún dé òkè kejì. Ó wẹ̀yìn. Ọkùnrin aláìlétí ti ń so òmíràn, ó ń polówó.

"Afárá tuntun! Òní la so ó!"

Ẹ ti mọ̀ báyìí bí ó ṣe dé ẹnubodè iwin. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀.

"Ju ìyẹ̀fun yẹn nù," ni iwin wí. Ahọ́ngbọọrọ ni orúkọ rẹ̀. "Kò ní wọ ìlú wa."

Ìbínú gba ọdẹ lọ́kàn. "Ìyàwó mi kì í ṣe apànìyàn. Èmi Ọdẹ́dìran, tí mo sùn nínú ihò ẹkùn tí ẹkùn sun ìta, ìyẹ̀fun ni yóò pa mí?" Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó pò ó mọ́ omi, ó gbé e mì. Ó bu èkejì.

"O ṣe gudugudu méje," ni Ahọ́ngbọọrọ wí. Ó jókòó, ó ń retí.

Oòrùn kò tíì kúrò lókè orí nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọdẹ. Ó bì. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ fún un. Nígbà náà ni ó mọ bí ó ti rí fún Ìbídùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà lórí ẹní.

Iwin náà gbé e bí ọmọ, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá odò kan. Ó ní, "Ìwọ jẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì. Yóò lọ. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó lè má lọ mọ́."

Ọdẹ́dìran fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbà tó bá jìn sí kòtò ara rẹ̀ kì í pariwo.

Nígbà tí imú rẹ̀ là, ó gbọ́ òórùn kan. Òkú eku. Ó yí ojú padà. Kòtò omi tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ẹ̀gẹ́ bíbó kún inú wọn, ìfófòó funfun ń hó lójú omi láìsí iná. Èèkàn wà nídìí kòtò kọ̀ọ̀kan. Ibì kan ní ẹyọ kan, ibì kan ní méjì. Ibi tí ó bá ti pé mẹ́rin ni wọ́n ti ń kó ẹ̀gẹ́ jáde.

Ọdẹ dijú. Ó rí àpáàdì nílẹ̀ yàrá Mọgbọ́njú. *Ọ̀la ni ìbá pé.*

"Mo ní àlọ́ kan fún ọ," ni Ahọ́ngbọọrọ wí. "Ohun kan ń bẹ. Bí o bá jẹ ẹ́ lónìí, ó bá ọ jà. Bí o bá jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kẹrin, ó bọ́ ọ. A kò fi oògùn kan sí i. Kí ni?"

"Ẹ̀gẹ́ ni," ni Ọdẹ́dìran wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Omi ló ń gba ìjà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Omi àti sùúrù. Àlọ́ kejì rèé. Ohun méjì ló ń pa ìlú: ọ̀tá tó gbé ikú wá, àti ẹnubodè tí kò bi í. Èwo ló pa tiyín?"

Ìdáhùn náà le ju ọ̀nì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ó rí bí wọ́n ti ń ṣe: bí ọjọ́ kan bá kọjá, wọ́n á ri èèkàn kan. Ẹni tó ń ri èèkàn kì í ta ẹ̀gẹ́, kì í sì í ṣe ìbátan ẹni tó ń tà á. Ọlọ́jà kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ri méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé ọjà ọ̀la ti dé. Ó ní, "Ọjà ni yóò dúró de ẹ̀gẹ́." Ọlọ́jà náà bú u, ó pè é ní agánnigàn. Kò wo apá ibẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ sì di ìyẹ̀fun tán, ẹni tó fẹ́ tà á ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò ó fún, lójú gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ ọdẹ padà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ahọ́ngbọọrọ. Òun tó ti ń pè é ní "ìwọ" láti ẹnubodè, ó ní, "Bàbá, ẹ yá mi ní ahọ́n yín. Ìlú mi ló rán mi."

"Wò mí dáadáa ná."

Ọdẹ́dìran wò ó. Kò tíì wo iwin náà rí ju ahọ́n rẹ̀ lọ. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́.

"Olú kan tí a kò mọ̀," ni Ahọ́ngbọọrọ wí. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ìka mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀. "Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ kò yìn wò." Ó ṣí agbádá àyà rẹ̀, ara bó yánnayànna. "Ìpara kan tí wọ́n ní ó ń mú ara dán. Gbogbo ohun tí ìlú yìí ń jẹ, èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ohun tó pa mí lára, kò wọlé. Ọba wa ló yàn mí síbí, ó sì búra fún mi: bí ó bá fẹ́ kí n gba ohun tí mo kọ̀ láàyè, òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí mo bá yá ọ ní ahọ́n mi, ta ni yóò tọ́ ti ilé wò?"

"Kí ni kí n wá mú délé?"

Iwin náà mú èèkàn mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n kó jọ, ó kó wọn lé e lọ́wọ́. Igi lásán ni. Kò sí ọfọ̀ kan lára wọn.

"Máa sáré," ó ní.

Ọdẹ́dìran sáré. Ní Kánjú, ó wẹ odò kọjá, kò wo ojú afárá. Ọjọ́ kẹrìndínlógún pé. Ìlú ti péjọ sí ìdí àràbà nígbà tó yọ. Wọ́n ti tú okùn ẹsẹ̀ Mọgbọ́njú kí wọ́n lè lé e. Ìyá Ìbídùn ló ṣíwájú, ó mú òkúta dání.

"Bàbá Ìbídùn ti dé! Ahọ́n dà?"

"N kò rí ahọ́n mú wá." Ó da èèkàn mẹ́rin sílẹ̀ níwájú ọba.

Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn pé, "A rán ọdẹ níṣẹ́, ó ṣẹ́gi bọ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín akéde ọba ló ròkè jù.

"Kábíyèsí," ni Ọdẹ́dìran wí, "gbogbo wa la ń béèrè pé ta ló ṣe é. Ẹ̀gẹ́ ni. A ṣe é bí iṣu. Ìyẹ̀fun ilé mi ni mo jẹ tí ẹsẹ̀ mi fi gan, ní ẹnubodè iwin. Ohun tí mo bá nínú ìkòkò ìyá yìí, bí wọ́n ti ń ṣe é gan-an nìyẹn. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Èmi? Èmi tí mo bí i?"

"Àwa méjèèjì ni. Ìwọ lo gún un, èmi ni mo ń ní kí ó jẹ sí i."

Ìyá Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró, léraléra.

Akéde ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu ni! Arúgbó ti fi nǹkan dì í lójú!"

Mọgbọ́njú ló dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó nìyí. "Akéde, ohùn rẹ dára. Ìbá dára ju bẹ́ẹ̀ lọ bí o bá bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nílé wa. Ẹ fún mi ní ẹ̀gẹ́ láti inú òkìtì yín. Ẹ ri èèkàn ọdẹ yìí. Ẹ kà á fúnra yín. Ìgbà tó bá pé, màá jẹ ẹ́ lójú yín. Ẹsẹ̀ mi nìyí, ẹ máa wò ó."

Ọba ní, "Èmi ni mo rán akéde pé ebi ti lọ. N kò tọ́ ẹ̀gẹ́ náà wò. Ìyá, bí ẹ bá jẹ tán, èmi ni màá jẹ tẹ̀lé yín."

Wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí etí odò. Ọjọ́ mọ́, wọ́n ri ọ̀kan. Ó rùn. Ọjọ́ mọ́, wọ́n ri èkejì. Ó hó. Àwọn ènìyàn di imú, wọn kò lọ. Nígbà tí ó pé mẹ́rin, ẹ̀gẹ́ rọ̀ lọ́wọ́ bí iṣu tó jiná. Wọ́n fún un, wọ́n sá a, wọ́n gún un. Mọgbọ́njú rò ó, ó jẹ ẹ́ níwájú àràbà, láìyára. Ó rìn yí ọjà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ọba jẹ. Ó jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méje kí ó tó gbà kí ẹlòmíràn fẹnu kàn án.

Láti ọjọ́ náà, òfin dé Odòjìn. Oníbodè kò ní bi àlejò pé ta ni ọ́ láìbi í pé kí lo gbé, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun titun kò ní dé ọjà kí ẹni tó ń tà á tó jẹ ẹ́. Ó wá ku ẹni tí yóò máa ri èèkàn, ẹni tí kì í tà, tí ọlọ́jà kò lè tì.

Ìbídùn sọ̀rọ̀ láti orí ẹní tí wọ́n gbé e jókòó lé. "Ẹ gbé mi lọ sí etí odò. Èmi kì í kánjú lọ ibì kankan mọ́."

Ọdẹ́dìran ra ìkòkò titun, ó gbé e lọ bá Mọgbọ́njú. Arúgbó náà ti di ẹrù rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́." Ó wo ìkòkò náà, kò gbà á. "Gbé e fún ọmọ rẹ. Èmi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń béèrè kí wọ́n tó fọ́ nǹkan." Ó gbé iyọ̀ rẹ̀ rù, ó gba ọ̀nà òkè odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko.

Nínú àwọn mọ́kànlá tí ẹsẹ̀ wọn gan, àwọn kan padà rìn díẹ̀díẹ̀, àwọn kan kò rìn. Ìbídùn wà lára àwọn tí kò rìn. Ọkùnrin tó fẹ́ gbé e níyàwó kò padà wá. Ogójì ọdún ló fi jókòó sí etí odò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, ọmọ ọba kan sọ ọ́ lókùúta nítorí ọjà ọdún. Kò ri èèkàn kan ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ó ti kú báyìí, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Èèkàn mẹ́rin náà wà níbẹ̀, bí ọ̀kan bá jẹrà, wọ́n á gbẹ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àpáàdì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n fi ń bu ìfófòó kúrò lójú omi. Ara ìkòkò Mọgbọ́njú tí Ọdẹ́dìran fọ́ ni.